Èèwọ̀ Ni Ọgbà Igbó Ọ̀ṣun



Ìdàgbàsókè tí kò fìdí múlẹ̀ nínú àṣà ìlú kì í tọ́jọ́. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í gégi, a kì í pẹja odò rẹ̀. Àwọn olórìṣà àti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, dúró ti èèwọ̀ náà títí UNESCO fi kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Lónìí, àlejò ń ti òkèèrè wá sọ́dún, ọlọ́jà sì ń jèrè.

Ṣùgbọ́n àwọn awakùsà góòlù lókè odò ti da omi Ọ̀ṣun rú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ wa ní ìdí èèwọ̀, kí gbogbo ìlú etí odò sì fohùn ṣọ̀kan láti gbà á là.