Ìwé Ìrìnnà Tí Kò Ṣílẹ̀kùn

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí ẹ bá ti oko dé, tí ẹni tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ilé sì ti pààrọ̀ àgádágodo, níbo ni ẹ ó sùn?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí wa wà, ṣùgbọ́n ipò wọn kò dọ́gba. Láti 1949, ọmọ tí a bí ní Èkó jẹ́ ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì lójú òfin. Èyí tí a bí ní Ìlá jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kàn ń dáàbò bò. Nígbà tó di 1960, púpọ̀ jùlọ nínú wọn di ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ wa ní oṣù keje ọdún 1962, ó dùn wá, ṣùgbọ́n a ní ilé tiwa.

Àwọn ọmọ Íńdíà tó wà ní Kẹ́ńyà ńkọ́? Kẹ́ńyà gba òmìnira ní 1963, ó sì fún wọn ní ọdún méjì láti forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ìlú. Ọ̀pọ̀ wọn ló di ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì wọn mú, nítorí ìjọba London fúnra rẹ̀ ló fún wọn. Ní 1967, Kẹ́ńyà ṣòfin tó ká àwọn àlejò lọ́wọ́ kò nínú iṣẹ́ àti òwò. Wọ́n bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí London.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin tó dá wọn dúró, ó sì di òfin ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1968. James Callaghan ni mínísítà tó gbé e wá. Ẹni tí kò bá ní òbí tàbí òbí àgbà tó ti Ìlú Ọba wá kò lè wọlé ní fàlàlà mọ́. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ń bá wí. Ó di pé wọ́n ń gbé àwọn mìíràn kiri láti pápákọ̀ òfuurufú kan sí òmíràn, ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ wọn.

Ní 1973, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé ẹ̀yà wọn ni wọ́n fi ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, àti pé ìwà ìtẹ́nilógo ni. Síbẹ̀, 2002 ni òfin tó jáde tó jẹ́ kí àwọn tí kò ní ìlú mìíràn lè forúkọ sílẹ̀ di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíkún.

Kí a tó bú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn Yorùbá oníṣòwò tí wọ́n bímọ síbẹ̀ fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí àwọn ará Gánà. Àpò tí a ń pè ní Ghana Must Go ṣì wà lọ́jà wa títí dòní.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Èkíní: ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní Ìlú Ọba, láti oṣù kìíní ọdún 1983, bíbí nìkan kò sọ ọmọ di ará ibẹ̀ mọ́, ipò òbí ni òfin ń wò. Ẹ yẹ ìwé wọn wò nísinsìnyí, kí ó tó di ìjà ní bodè.

Èkejì: àwa Ìgbómìnà ló yẹ kó mọ ohun tí ààlà lè ṣe. Ìlá wà ní Ọ̀ṣun, Òmù-Àrán wà ní Kwara, ọmọ ìyá sì ni wá. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ lé àlejò tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹ fẹ́ kí ó lọ.