Ìran Igi Àjàrà



Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń gbé ago Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́, síbẹ̀ a kò bèèrè rí pé, igi àjàrà tí ó so èso wọ̀nyí, ta ni baba rẹ̀, ta sì ni ìyá rẹ̀? Obìnrin kan bèèrè. Orúkọ rẹ̀ ni Carole Meredith, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kalifóníà ní ìlú Davis, ní Amẹ́ríkà, títí di ọdún 2003 tí ó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń gbin àjàrà. Àgbẹ̀ kì í gbin kóró rẹ̀, nítorí igi tí ó bá ti inú kóró hù kì í jọ òbí rẹ̀ tán. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń gé igi gbágùúdá. Nítorí náà igi kan ṣoṣo tí ó hù ní ayé àtijọ́ lè wà láàyè di òní yìí nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún oko. Ṣùgbọ́n ibi tí igi àkọ́kọ́ náà ti ṣẹ̀ wá a di ìgbàgbé, àgbọ́sọ a sì gba ipò òtítọ́.

Meredith kò gbẹ́kẹ̀ lé àgbọ́sọ. Inú ewé ni ó wò. Nínú ewé ni ohun àjogúnbá tí à ń pè ní DNA wà: ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ baba wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí a bá fi àwọn àmì inú rẹ̀ wé ara wọn, ọmọ kò lè sẹ́ òbí rẹ̀. Ní ọdún 1997, òun àti John Bowers kéde pé Cabernet Sauvignon, àjàrà dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé, jẹ́ ọmọ Cabernet Franc àti Sauvignon Blanc. Orúkọ ọmọ náà ti ń wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá rò pé àjàrà funfun lè bí irú dúdú bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1999, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Faransé yẹ irú àjàrà tí ó ju 300 lọ wò. Wọ́n rí i pé 16 nínú wọn, tí Chardonnay àti Gamay wà lára wọn, jẹ́ ọmọ òbí kan náà: Pinot, ẹni ọlá, àti Gouais Blanc. Ẹ kíyèsí Gouais yìí. Àjàrà tálákà ni. Wọn kò ka wáìnì rẹ̀ sí. Àwọn aláṣẹ tilẹ̀ gbìyànjú láti lé e kúrò lóko. Bí wọ́n bá ti fà á tu kí ó tó bímọ, Chardonnay kì bá tí sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Zinfandel, tí àwọn ará Kalifóníà ń pè ní tiwọn láìmọ ibi tí ó ti wá. Ní ọdún 1998 Meredith rìn lọ sí etí òkun ilẹ̀ Kroéṣíà, òun pẹ̀lú Ivan Pejić àti Edi Maletić ti Yunifásítì Zagreb sì ń wá a kiri. Ní ọdún 2001 ni wọ́n rí i ní Kaštel Novi, lẹ́bàá ìlú Split. Crljenak Kaštelanski ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀nba igi díẹ̀ péré ni ó sì kù láàárín àwọn mìíràn. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i, a kì bá tí rí ẹlẹ́rìí kankan nílé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti tún ń gbìn ín.

Ẹ̀yin ará, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwa pẹ̀lú jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a bá fẹ́ yan ènìyàn sí ipò nínú ìjọ, a máa ń bèèrè pé, ọmọ ta ni? Bí wọ́n bá sì dárúkọ ilé tálákà, a máa ń dákẹ́, a sì máa ń yan ẹlòmíràn. Gouais kọ́ wa pé a kò mọ ohun tí ń bẹ nínú ẹni tí a ń fà tu. Olúwa wa, tí ó fi ara Rẹ̀ wé àjàrà, kò ti ilé ọlọ́lá jáde wá. Násárétì tí a kò kà sí ni ó ti dàgbà. Kí Ọlọ́run là wá lójú. Àmín.