Bí Táyà Iwájú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Kò Bá Fà Mọ́



Ọ̀rọ̀ ìwé owó ni ẹ mọ̀ mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí, nítorí pé inú ìwé owó gan-an ni mo ti bá a pàdé. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó kan wà tí mo yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sanwó àtúnṣe gíà píkọ́ọ̀pù Hilux wọn láàrin ọdún kan, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò yé rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Ẹ sì mọ ohun tí ojú kòkó gbígbẹ máa ń rí bí ó bá sùn sínú òjò: ó máa ń bu, owó rẹ̀ a sì wálẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ wo ọkọ̀ náà, hóòbù táyà iwájú ọ̀tún wà ní LOCK, ti òsì wà ní FREE. Gíà kò ní àrùn kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ọ̀pá gíà kékeré bá wà ní H2, táyà ẹ̀yìn nìkan ni agbára ẹ́ńjìnnì ń dé. Ní H4, agbára yóò gba inú gíà kékeré tí ó wà lẹ́yìn gíà ńlá, yóò gba pùròpẹ́là iwájú dé àkísù iwájú, kí ó tó dé táyà. L4 rí bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ ó lọ́ra, ó sì lágbára jù. Hóòbù ni ó so táyà mọ́ ọ̀pá tí ń yí i. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wà ní FREE, gbogbo agbára yóò sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ní iṣẹ́ kankan, táyà iwájú méjèèjì kò sì ní fà. Nítorí náà, ẹ má gba iná pupa tàbí iná àwọ̀ ewé iwájú awakọ̀ gbọ́ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ohun tí ó ń sọ kò ju pé gíà kékeré ti wọlé lọ.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò nìyí. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú tí ó sì le, ẹ ki òkúta bọ táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ yí hóòbù méjèèjì sí LOCK, ẹ ki gíà kékeré sí H4, kí ọkọ̀ rọra sún díẹ̀ kí ó lè wọlé dáadáa, kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé táyà iwájú méjèèjì sókè, kí ẹ sì fi ohun tí ó lágbára tì í. Jáàkì nìkan kò tó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ wá fi ọwọ́ yí pùròpẹ́là iwájú. Bí ó bá ń yí fàlàlà, inú gíà kékeré tàbí ohun tí ń kì í wọlé ni àìsàn wà. Bí kò bá yí, ẹ yí táyà kan: èkejì gbọ́dọ̀ máa yí lódìkejì. Bí táyà bá ń yí tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí, hóòbù ẹ̀gbẹ́ náà ni. Bí ọ̀pá méjèèjì bá ń yí tí táyà kejì kò mira, hóòbù ti ọ̀hún ni.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn kò ní hóòbù tí à ń fi ọwọ́ yí. Ohun kan nínú àkísù iwájú ni ó ń so ó pọ̀; nínú àwọn kan afẹ́fẹ́ tí a ń fà gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń sún un, nínú àwọn mìíràn mọ́tò iná kékeré ni. Rọ́bà tí ó sán tàbí wáyà tí ó jẹrà lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Nígbà mìíràn ọ̀pá gíà a kọ̀ láti padà sí H2. Ìyẹn kì í sábà jẹ́ àrùn. Awakọ̀ ti wa H4 lórí ọ̀dà gbígbẹ ni. Táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin iye kan náà ní kọ́nà, gíà a sì lọ́ra pọ̀. Kí ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀ ní gbọọrọ, yóò tú. Ẹ̀yin akápò tí ẹ ń ra táyà méjì tuntun sẹ́yìn, tí ẹ fi èyí tí ó ti jẹ tán síwájú, ẹ ń fi ọwọ́ ara yín dá ìlọ́pọ̀ kan náà sílẹ̀.

Bí ó bá ń dún kó-kó-kó ní kọ́nà, ẹ wo rọ́bà tí ó bo orí ọ̀pá táyà. Bí ó bá ti ya, gírísì ti jáde, iyanrìn ti wọlé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gba inú odò kọjá, ẹ wo epo gíà kékeré àti ti àkísù méjèèjì. Bí ó bá funfun bí tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti dé ibẹ̀, ẹ dà á nù kíá.

Lórí ìwé owó, “àtúnṣe gíà” lásán kò tó fún mi mọ́. Kí mẹkáníìkì kọ orúkọ ohun tí ó pààrọ̀, kí ó sì kó ògbólógbòó rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbé ọkọ̀ wá sí ìpàdé yìí, ẹ dúró dè mí níta. Jáàkì wà lọ́wọ́ wa.