Àgbà Kan Ṣoṣo Ló Kù: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ijó Ààfin Táílándì

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà àwọn irúnmọlẹ̀. Mo júbà ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó. Kí ìbà mi ó ṣẹ.

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà jíjìn ni ọ̀rọ̀ mi ti wá lónìí, láti Táílándì ní ilẹ̀ Éṣíà. Ijó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Khon. Ààfin ọba ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀pọ̀ àwọn oníjó náà a máa dé ìbòjú, wọn kì í sọ̀rọ̀. Àwọn apohùn ló ń gbẹnu sọ fún wọn. Ìtàn Ramakien ni wọ́n fi ń jó, ìtàn ogun tí Phra Ram bá Thotsakan, ọba àwọn òmìrán, jà, tí Hanuman, ọ̀bọ akọni, sì ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó ṣáájú ijó yìí ló gbà mí lọ́kàn jù. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n a ṣe ètùtù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wai Khru. Wọ́n a to ìbòjú àwọn òrìṣà wọn àti ti àwọn òmìrán sórí pẹpẹ, wọ́n a gbé oúnjẹ, òdòdó àti tùràrí síwájú wọn. Aṣáájú ètùtù a wá gbé ìbòjú arúgbó amòye, olùkọ́ àkọ́kọ́, lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó di ẹni tó ní olùkọ́.

Ijó kan wà tó lọ́wọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, ijó Phra Phirap. Nígbà tó di ọdún 1963, alàgbà kan ṣoṣo, Rongphakdi, ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ọba Bhumibol ní kí wọ́n fi lé àwọn mìíràn lọ́wọ́, níwájú ọba ni wọ́n sì ti ṣe ètùtù náà. Ká ní ikú ti ṣáájú ètùtù yẹn ni, ijó náà ì bá bá alàgbà wọ káà ilẹ̀.

Ní ọdún 2018 ni UNESCO kọ orúkọ Khon sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé. Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà nínú ìwé yẹn láti ọdún 2008. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé kò lè kọ́ ọmọ ní ẹsẹ̀ Ifá. Àwa náà ń fi fóònù ya fídíò eégún, a sì rò pé a ti tọ́jú rẹ̀. Fídíò a máa fi ẹsẹ̀ oníjó hàn wá. Ta ni yóò sọ èèwọ̀ aṣọ náà fún wa, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e?

A kò ní ọba kan tí yóò pàṣẹ fún gbogbo wa bíi ti Táílándì. Ọwọ́ ara wa la ó fi ṣe é. Kí olúkúlùkù wa wo agbo rẹ̀: kí ni ó kù tó jẹ́ pé àgbà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n? Kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé, ẹ mú ọmọ kan lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àgbà náà, pẹ̀lú obì lọ́wọ́.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.