Àwòrán Ìṣirò àti Ìlò Iná Nínú Ilé

Nínú agbo-ilé tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo mítà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ owó iná kì í pẹ́ di ìjà. Bí ẹnì kan bá wá ya àwòrán ìṣirò mọ́ ara ògiri, tí ó fi hàn pé iná tí wọ́n ń lò ń pọ̀ sí i, ẹni tí ó ra fíríìjì kẹ́yìn ni gbogbo ilé yóò máa wò. Àwòrán ti dá ẹjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi àwòrán náà léèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kìíní ni pé, ṣé owó ni wọ́n yà ni, tàbí yúníìtì? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó yúníìtì kan sókè láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 fún àwọn oníbáǹdì A, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Ìdílé tí ó ń lo 40 yúníìtì lóṣù, tí ó ń san nǹkan bí náírà 2,720 tẹ́lẹ̀, di ẹni tí ń san 9,000. Bí a bá ya owó, ọ̀pá kejì yóò ga ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá ya yúníìtì, ọgbọọgba ni wọn.

Ìbéèrè kejì ni ti iye ọjọ́. Ilé tí ó lo 84 yúníìtì ní oṣù ọlọ́jọ́ 28, tí ó sì lo 93 ní oṣù ọlọ́jọ́ 31, kò fi ohunkóhun kún ìlò rẹ̀: yúníìtì 3 lójúmọ́ ni méjèèjì.

Ìbéèrè kẹta ni pé, níbo ni ẹsẹ̀ ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀? Bí 90 àti 96 bá dúró lórí òdo, díẹ̀ ni ìkejì fi ga jù. Bí ayàwòrán bá gé ẹsẹ̀ wọn kúrò, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 88, ìkejì yóò dà bí ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́ lójú.

Èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé ni wákàtí tí iná fi wà. Ohun tí ó jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí. Bí iná bá ń dé fún wákàtí 8 lójúmọ́ lọ́dún tí ó kọjá, tí ó wá di 16 lọ́dún yìí, mítà yóò sáré sí i, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ra fíríìjì. Bákan náà, ilé tí ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé alẹ́ yóò dà bí ilé tí ń ṣọ́ iná lò, nítorí pé mítà kò mọ epo tí wọ́n ń jó.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a máa ka mítà ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Mítà asanwó-ṣáájú ń fi yúníìtì tí ó ṣẹ́ kù hàn: kí a yọ ti òní kúrò nínú ti àná, kí a sì fi èyí tí a bá rà láàárín kún un. Kí a ya yúníìtì ojúmọ́ kan láti orí òdo, kí a kọ wákàtí tí iná fi wà sábẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi oṣù kẹta wé oṣù kẹta èṣí, nítorí fáànù ìgbà ooru kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìgbà òjò. Bí ilé bá pọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán kékeré tirẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà, kí ìlà wọn má baà lọ́ mọ́ra bí òwú.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe nìyí pẹ̀lú rúlà àti ìwé kan. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè, kí ó tó fi àwòrán dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.