Owó Ẹyọ Méje Láti Ìgàndò



Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lálẹ́ òní kò ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ. Mo ní ìwé kékeré kan nílé mi ní Ẹgbẹ́dá tí mo máa ń kọ ohun ìyanu sí: ti iṣẹ́ ọnà ni o, ti sáyẹ́ǹsì ni o, ti ìtàn àtijọ́ ni o. Ìyàwó mi a máa sọ pé ìwé náà kò ra iyọ̀ wálé rí. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tí àwọn ọmọ bá yí mi ká, ìwé yìí náà ni wọn a ní kí n mú wá.

Ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ kẹ́yìn ṣẹlẹ̀ ní Ìgàndò. Àwọn lébìrà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ni ṣọ́bìrì bá fọ́ ìkòkò kan nínú ilẹ̀. Owó ẹyọ ló kún inú rẹ̀. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti dà á mọ́ yẹ̀pẹ̀, ọkọ̀ sì ti kó yẹ̀pẹ̀ náà lọ dí kòtò ojú ọ̀nà. Méje péré ni mo rí ṣà. Àfọ́kù ìkòkò náà, n kò rí ẹyọ kan.

Owó ẹyọ kì í ṣe ohun inú ọ̀sà wa o. Láti erékùṣù Maldives, nínú Òkun Íńdíà lọ́hùn-ún, ni èyí tó kéré ti wá. Àwọn oníṣòwò òyìnbó a kọ́kọ́ fi ọkọ̀ kó o lọ sí Yúróòpù, wọn a sì tún kó o wá sí etíkun wa, láti fi ra ọjà, àti láti fi ra ènìyàn. Mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ tí mo bá kà débẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni èyí tó tóbi jù ú lọ wá ya dé láti ìhà Zanzibar. Nínú méje tèmi, mẹ́fà kéré, ọ̀kan tóbi. Nítorí náà, kò jọ pé wọ́n ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ká ní ìkòkò wà ni, à bá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òyìnbó oníwàásù kan, Adolphus Mann, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 bí a ṣe ń ka owó yìí. Wọn a da àpò sílẹ̀, wọn a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹ sì mọ̀ pé àpò náà ni ọ̀kẹ́. Mo bi ọmọ mi léèrè ohun tí fọ́tì-fáìfù ń jẹ́ lédè wa, ó gbójú sókè àjà. Mo ní, “Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta. Tún yọ márùn-ún, ó di márùndínláàádọ́ta.” Ó ní, “Bàbá, kí ló dé tí wọ́n ń yọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀?” Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi ju ìdáhùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìpìlẹ̀ ilé. Ní 1938, ní agbolé Wúnmọníje lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ kan àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa láti ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ìda ni wọ́n fi ń mọ ojú, imú àti ètè sórí amọ̀. Wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yáná sí i kí ìda yọ́ jáde, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, tó wá sí Ifẹ̀ ní 1910, kò gbà pé ọwọ́ wa ló ṣe irú èyí. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tó rì sómi! Nínú àwọn orí ti 1938, ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, ra méjì lọ, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi wọ́n dí kòtò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní Ìkọ̀tún, ní Ìdímù, ní Ìgàndò, bí ṣọ́bìrì bá kan ìkòkò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró níbi tó wà, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn.

Méje tèmi wà nínú agolo wàrà lórí pẹpẹ. Ọmọ mi ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ó dàárọ̀ o.