Kí Iná Má Baà Jó Ìwé Gbèsè Wa



Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, ọdún 2019, iná jó ní ọjà Balógun ní Èkó. Bí ọjà bá jóná, a lè tún òmíràn rà. Ṣùgbọ́n bí ìwé gbèsè bá jóná, olóòótọ́ nìkan ni yóò san. Kí ni a óò fi mú àwọn yòókù? A jẹ́wọ́ pé ìsàlẹ̀ àpótí owó ní ìsọ̀ ni àwa pàápàá ń fi tiwa sí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́, iṣẹ́ báńkì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa ṣe àdàkọ ìwé wa ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a fi í pamọ́ sí ilé, kí a sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa lókè òkun. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe pa á rẹ́. Kí a sì ní owó díẹ̀ nílé de ọjọ́ tí báńkì kò bá ṣiṣẹ́.

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí.